Mo gbé Bíbélì bàbá mi lọ báíńdì ní Mọ́kọ́lá: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé etí ẹ̀

Ẹni tó bá ń wá iye owó nìkan, ₦14,000 ni mo san. ₦18,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo ní kí wọ́n fojú àánú wò mí, wọ́n sì wò mí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, lónìí wọ́n á ní kò síná, lọ́la wọ́n á ní gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá, ẹ ṣáà mọ̀ pé Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni, níbi tí ariwo mọ́ṣíìnì ìtẹ̀wé ò ti ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń sọ.

Bíbélì bàbá mi ni mo gbé lọ. Ọdún 1956 ló rà á, ọdún tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí ní St. David's Kúdẹ̀tì, Bíbélì àtijọ́ yẹn tí wọ́n ń kọ "enia" àti "aiye" àti "nwọn" sí, èyí tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ní 2001 ló ti wà nínú àpótí Màmá, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, Jẹ́nẹ́sísì ti bọ́ sílẹ̀ tán, aáyán ti jẹ lára Ìfihàn. Màmá wa, ẹni ọdún 85, ló pè mí lọ́jọ́ kan tó ní kí n lọ bá òun tún un ṣe. Mo ní Màmá, kí ló dé báyìí, ṣebí ẹ ní èyí tí lẹ́tà ẹ̀ tóbi tẹ́ ẹ fi ń kà. Wọ́n ní ìbò 2027 ti ń bọ̀, ẹ sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síí bú ara yín. Mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nígbà yẹn, mo kàn gbé e, mo wọ míkírà láti Challenge dé Dùgbẹ̀, mo tún wọ òmíràn lọ Mọ́kọ́lá, Bíbélì wà lórí itan mi bí ọmọ tuntun.

Baba tó ni ṣọ́ọ̀bù, Alfa ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó máa tó ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ UI àti ti Poly tó ń báíńdì projẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ẹ̀, ẹ máa rí projẹ́ẹ̀tì jọ bí òkè, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ojú ọ̀run, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn dáadáa ẹ máa rí Kùránì, ìwé orin, ledger àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti débi tó yẹ. Ó ṣí Bíbélì yẹn, ó gbóòórùn ẹ̀ (mo bẹ Ọlọ́run, ó gbóòórùn ẹ̀), ó wá ní, "Mummy, òwú ni wọ́n fi rán èyí, kì í ṣe gọ́ọ̀mù." Ó ṣàlàyé fún mi pé ìwé tó nípọn báyìí, tí wọ́n bá kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún projẹ́ẹ̀tì, kò ní tó ọdún kan tó fi máa là sí méjì. Ó ní a máa tú u palẹ̀ pátápátá, ká ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ká tún un rán ní ìdì ìdì pẹ̀lú òwú, ká wá lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó kan páálí àti rẹ́sìnì tó jọ awọ. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé Bíbélì dání lọ síbikíbi, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan yìí, ṣé ẹ máa rán an ni àbí ẹ máa lẹ̀ ẹ́? Tí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ gbé Bíbélì yín, ẹ máa lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Alfa pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mummy, ẹni tó ni Bíbélì yìí, ṣé olóṣèlú ni àbí wòlíì?" Mo ní tíṣà ni. Ó ní ẹ wá wò ó.

Ó ti tú u sí ìdì ìdì sórí tábìlì, ó sì fi òkúta kéékèèké tẹ̀ ẹ́ lórí kí fáànù má bàá fẹ́ ẹ lọ. Ní etí àwọn ojú ìwé kan, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Bàbá, ìkọ̀wé tíṣà yẹn tó dúró ṣánṣán, mo wá rí déètì. Kì í ṣe déètì ọjọ́ ìbí ọmọ, ìyẹn wà níwájú bó ṣe máa ń wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aísáyà orí 6 ó kọ ọ́ pé "25/3/58. Adélabú kú." Ó wá fàlà sábẹ́ ẹsẹ kìíní, ibi tí wòlíì ti ní ọdún tí Ùsáyà ọba kú gan-an lòun rí Olúwa tó jókòó lórí ìtẹ́. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ìbàdàn lè má mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́. Adégòkè Adélabú, olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, mọ́tò ló pa á lójú ọ̀nà Èkó, ìlú sì dàrú, èèyàn kú. Bàbá bàbá mi, ọmọ ẹgbẹ́ Mábọ̀lájé paraku ni, ẹni Adélabú ni. Bàbá mi ní tiẹ̀, ọmọ ọlọ́pẹ ni, Action Group, ẹni Awólọ́wọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé o. Nítorí náà ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ ń sunkún, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tiẹ̀ lè máa rò pé ọ̀nà ti là, ohun tó lọ ṣí ni ibi tí ìtẹ́ kan ti ṣófo, tí èkejì ò ṣófo.

Dáníẹ́lì 2 ẹsẹ 21 ló tò bí ìwé gbèsè. "O si nyi ìgba ati akoko pada: o nmu ọba kuro, o si ngbe ọba leke." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: 25/5/62. 15/1/66. 29/7/66. 29/7/75. 13/2/76. 31/12/83. 27/8/85. Bírò dúdú, bírò búlúù, pẹ́ńsù, bí ọdún ṣe ń lọ ni àwọ̀ ń yí. Èyí àkọ́kọ́, Ìbàdàn níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ìwọ̀-oòrùn torí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí ọlọ́pàá fi tíágáàsì tú wọn ká, nígbà tó sì máa fi tó ọjọ́ kẹrin ìjọba àpapọ̀ ti kéde pàjáwìrì, wọ́n gbé Dókítà Majẹ́kódùnmí wá láti máa darí wa. 15/1/66, Ìbàdàn náà ni wọ́n ti pa Akíntọ́lá. 29/7/66, Ìbàdàn náà ni wọ́n ti wá mú Ironsi àti Fájuyì lọ pa. Àwọn tó kù, ọjọ́ tí sójà dìtẹ̀ ni. Mo dúró ti tábìlì yẹn, mo ń rò ó pé bàbá yìí, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mì tìtì ni ó ń lọ ṣí ojú ìwé kan náà, á kọ déètì, á pa á dé, á lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tó mú mi jókòó ni Orin Dáfídì 146, ibi tó ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ọmọ aládé. Ṣé ẹ mọ orúkọ tó kọ síbẹ̀? Mo rò pé màá rí Dẹ́mọ́, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, tàbí orúkọ sójà kan. "A.G." ló kọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tiẹ̀! Ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn dé bi pé ó sọ ajá ilé ní orúkọ kan tí mi ò ní kọ síbí torí ọmọ ọ̀tá ẹgbẹ́ ọ̀hún ṣì wà láyé. Lábẹ́ "A.G." yẹn, pẹ̀lú bírò míì, ó jọ pé ọdún ti gorí ọdún, ó kọ "èmi náà."

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí Ọlọ́run ló ń jọba láyé mi. Ní 2023 mo gbọ́ ọ dé bi pé etí mi kún, wòlíì kan ní Olúwa ti fi Tinubu hàn òun, èkejì ní Atiku ni, ẹ̀kẹta ní Obi ni, gbogbo wọn ló sì ní Olúwa ló sọ ọ́. Àwọn tó ń pariwo Mùsùlùmí-Mùsùlùmí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tó ń dá wọn lóhùn, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run nínú ìjà yẹn, ẹ dárí jì mí. Ilé tiwa náà ńkọ́? Bọ̀dá mi, APC. Àbúrò mi ọkùnrin, LP dójú ikú. Èmi, mi ò ní sọ, àmọ́ agboòrùn ni. Láàárín February tí owó tuntun ò sí tí àwọn èèyàn ń sùn sí ẹnu ATM, a bú ara wa lórí WhatsApp ilé wa títí Bọ̀dá fi jáde kúrò níbẹ̀, oṣù márùn-ún la ò fi bára wa sọ̀rọ̀ àfi tó bá jẹ́ ti oògùn Màmá. Gbogbo wa sì ń sọ pé Ọlọ́run ló ń jọba. Ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ní lọ́kàn ni pé Ọlọ́run máa fi ẹni tèmi jọba. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ tara ẹ̀ sétí Orin Dáfídì 146 nínú wa.

Rédíò ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, Amúlùdún ni, ètò òṣèlú àárọ̀ yẹn. Ọmọ iṣẹ́ Alfa kan pẹ̀lú ọmọ Poly kan tó wá gba projẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ti Abuja, ẹ sọ ti Agodi, ìkan ní "ẹ̀yin gan-an lẹ bà á jẹ́", ìkan ti fẹ́ sọ̀rọ̀ débi ìyá. Alfa ò pariwo. Ó kàn ní kí ọmọ Poly wá di òwú mú fún òun, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ di etí kejì mú, kí wọ́n fà á le kóun fi ìda pa á. Ẹ ò lè máa bú ẹni tẹ́ ẹ jọ di òwú kan mú, tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ ó máa lọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjú sí mi tó ní, ohun tí bàbá yín kọ síbẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa náà, Súrà Al-Imran, ẹsẹ 26, Ọlọ́hun tó ni ìjọba, Ó ń fún ẹni tó wù Ú, Ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wù Ú. Ó ní òun fúnra òun ti báíńdì kàlẹ́ńdà olóṣèlú rí, ọgọ́rùn-ún márùn-ún, ẹni yẹn wọlé, kò sanwó títí dòní. Ó ní, "Mo ṣì ń gbàdúrà fún un ṣá." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Nígbà tí mo délé mo fi fọ́tò tí mo yà han Màmá. Ìkan wà níbẹ̀ tí mi ò lóye, ní Jeremáyà 29 ẹsẹ 7, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. "Nov. 65. Bùọ̀dá sùn sílé wa, òru 4." Màmá wò ó títí. Wọ́n ní Wẹ́tíẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìbò October 1965, táwọn èèyàn ní wọ́n ti jí ìbò àwọn, wọ́n á wọ́n pẹtiróòlù sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn, wọ́n á ṣáná sí i. Ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, Dẹ́mọ́ ni. Ó ti tó ọdún kan tí òun àti Bàbá ò ti kí ara wọn. Àwọn èèyàn ẹgbẹ́ Bàbá gan-an ló ń wá a kiri. Bàbá wá gbé e pamọ́ sórí àjà òkè yàrá wọn, òru mẹ́rin, Bọ̀dá mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì, Màmá ń bẹ̀rù pé kó má lọ tọ́ka sókè níwájú àlejò. Wọ́n ní Bàbá ò bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ náà o, wọn ò parí ìjà, ó kàn ń gbé àmàlà gòkè lálẹ́, ó ń gbé póò sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀. Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí ló san owó ilé ìwé mi ní fọ́ọ̀mù 4, mo rò pé ìfẹ́ ọmọ lásán ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ ti aburú tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní ọjà, ọmọ iṣẹ́ pè mí, ó ní "Mummy, ṣé ká gé etí ẹ̀ kó lè dọ́gba?" Ariwo ọjà, èmi náà ń na ẹ̀fọ́ lówó, mo ní ẹ gé e. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹni tó ti rí i pé ìkọ̀wé wà létí ìwé yẹ kó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sábẹ́ mọ́ṣíìnì! Alfa ò sí nílé ọjọ́ yẹn, ó lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n gé e. Púpọ̀ nínú àwọn déètì ò fara gbá, Bàbá máa ń kọ̀wé sún mọ́ lẹ́tà. Ìkan ṣoṣo ni ọ̀bẹ gé, ní Dáníẹ́lì 4, èyí tó gùn jù, tí mi ò sì ráyè yà ní fọ́tò torí fóònù mi ti kú lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó kù níbẹ̀ nìyí: "23/6/93. Wọ́n fagi lé e. Mo tò nínú oòrùn, mo dìbò, wọ́n dà á nù. Ọlọ́run ló". Ibẹ̀ ló parí sí. Ìyókù wà nínú àpò ìdọ̀tí, wọ́n sì ti kó ìdọ̀tí lọ.

Mo bínú. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Alfa dọ̀bálẹ̀, bàbá àgbà, ó ní kí n má san owó kankan, èmi ló ní mi ò gbà, mo san ₦14,000 tí mo sọ lókè. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ò lè wojú mi. Mo lọ sílé, mo gbé e sórí WhatsApp ilé wa (Bọ̀dá ti padà wọlé), mo ní ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe, kí lẹ rò pé Bàbá kọ tán? Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Bọ̀dá kọ ọ́ pé "Ọlọ́run ló ń fi jọba, ẹ gba kádàrá." Àbúrò mi dáhùn pé irọ́ ni, "Ọlọ́run ló máa dá wọn lẹ́jọ́" ni, June 12 ni Bàbá ń sọ, ìbò tí Abíọ́lá wọlé tí Babangida fagi lé, ṣé Bàbá máa ní ká gba ìyẹn ni? Èmi náà ti ń tẹ tèmi. Ó ti fẹ́ di 2023 padà lórí gbólóhùn tí ẹnì kankan nínú wa ò rí.

Mo gbé fóònù fún Màmá, mo tẹ vóìsì nóòtì fún wọn. Wọ́n ní: "Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tí bàbá yín ń sọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn nìyẹn, Ọlọ́run ló mọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀, tó bá sì ti sọ ọ́ tán á wọ bàtà, á jáde lọ bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ níbi ìpàdé June 12, èmi á máa pariwo pé sójà á yìn ọ́ níbọn, kò ní dá mi lóhùn." Wọ́n dánu dúró díẹ̀. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lóṣù yìí?"

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i mọ́. Àbúrò mi ló san owó oògùn, Bọ̀dá ló lọ rà á.

Ó dáa, iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Rírán ẹ̀ le dáadáa, ẹ lè ṣí i sí Sáàmù kó sùn pẹrẹsẹ lórí tábìlì láìfọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Rẹ́sìnì dúdú tí wọ́n lò dán díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́, ó jọ àpò àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì. Lẹ́tà góòlù tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀ ni "BIBELI MIMO", kò sí àmì lábẹ́ O, Alfa ní lẹ́tà tóun ní ò ní àmì, láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́. Ìfihàn tí aáyán jẹ, ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ribọ́n méjì, pupa àti fúnfun, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé márùn-ún ni wọ́n fi ń gba máàkì, mo fún wọn ní mẹ́rin, mo yọ ọ̀kan torí etí ìwé, mo sì ń yọ ìdajì lára tèmi náà torí mo ń na ẹ̀fọ́ lówó.

Oṣù tó ń bọ̀ mo máa gbé Ìwé Orin Mímọ́ ìyá ọkọ mi lọ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Alfa náà ni. Mo ti fi máákà pupa kọ ọ́ sára páálí, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀: MÁ GÉ ETÍ Ẹ̀.